Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Ohun Tí Ọkọ̀ Kó

Ní àkókò tí ìjọba ti bódà pa, àwọn ará ọ̀nà wa kì í kí wa lórí fóònù bí ènìyàn ṣe ń kí ènìyàn. Ẹrù ni wọ́n fi ń kí wa. Ọkọ̀ á ṣubú lọ́nà Ayétòrò, ẹnì kan á pe nọ́ńbà wa, kí n tó sọ pé mo ń gbọ́, ó ti ní, "Ẹ̀gẹ́ la kó o, bọ̀dá. Ẹ̀gẹ́ nìkan ni. Ọkọ̀ ti dojú dé." Òmíràn á ní, "A ò kó nǹkan kan rárá, ìsìnkú la ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin kan ń ṣẹ̀jẹ̀ níbí." Mo rántí bàbá kan tó ka gbogbo ohun tó wà nínú bọ́ọ̀sì fún mi, títí dórí àkùkọ tí ẹnì kan so mọ́ abẹ́ àga, kó tó wá rántí pé òun kò tíì sọ ibi tí bọ́ọ̀sì náà wà.

Àǹtí tó jókòó tì mí, ẹni tó ń fi wọkitọ́kì bá àwọn awakọ̀ wa sọ̀rọ̀, máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé àkùkọ náà fara pa?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo sì máa ń béèrè ìdí ohun gbogbo. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni pé kí á má ṣe pe òun ní olè. Ẹnì kan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwa la kọ́ ọ.

Yàrá ìṣọ́nà ni a ń pe ibi iṣẹ́ wa. Ó wà ní Ìlaró, nínú ọgbà ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Fóònù wà níbẹ̀, wọkitọ́kì wà, àwòrán ilẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri, ojú ẹ̀rọ méjì sì wà tí a fi ń wo ohun tí àwọn kámẹ́rà ojú ọ̀nà bá rí. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wa kò le. Ẹni tó bá rí ìjàǹbá á pè. A ó bi í níbi tó ti ṣẹlẹ̀, a ó bi í nípa àwọn tó fara pa, a ó bi í bóyá iná wà tàbí epo ń dà. A ó wo kámẹ́rà tó bá wà nítòsí, tàbí kí á wá ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí sí i. A ó rán ọkọ̀ aláìsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ á lọ kó àwókù kúrò lójú títì, kí ẹlòmíràn má baà lọ kọ lù ú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó bá mi lára mu, nítorí pé gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló nídìí.

Ìgbà tí wọ́n ti bódà ni wọ́n fi ìbéèrè kan kún un. Wọn ò fi í sẹ́yìn, wọn ò fi í sí àárín, iwájú pátápátá ni wọ́n fi í sí: "Kí ni ọkọ̀ náà kó?" Bí ẹni tó pè bá dárúkọ ìrẹsì, òróró, adìyẹ dídì tàbí epo bẹntiróòlù, ọkọ̀ aláìsàn kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bódà la ó kọ́kọ́ pè. Ó di ìgbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, tí wọ́n wo ẹrù náà, tí wọ́n sì sọ pé kò sí wàhálà, kí àwa tó lè lọ gbé ènìyàn. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò pẹ̀lú, pé kí ará ìlú máa sọ òótọ́ nípa ẹrù wọn nígbà tí wọ́n bá ń pe yàrá ìṣọ́nà. Bí àwọn ará ọ̀nà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù kí wa nìyẹn. Wọn ò dúró de ìbéèrè mọ́.

Kámẹ́rà náà kò gbẹ́yìn. Èyí tó wúlò fún wa jù lọ wà lórí òpó kan ní kọ́nà burúkú kan láàárín Ìmàsàyí àti Ayétòrò. Kọ́nà yẹn máa ń tan awakọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n, á dà bíi pé ọ̀nà ń lọ tààrà, á wá yí mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì. Kò pẹ́ tí wọ́n ti bódà tí àwọn kan fi wá, tí wọ́n gun òpó náà, tí wọ́n yí ojú kámẹ́rà kúrò lára kọ́nà, tí wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà oko kan tí wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ń gbà jáde. Láti ìgbà náà, ewúrẹ́ ni mò ń wò. Ewúrẹ́, àwọn obìnrin tó ń ru igi bọ̀ láti oko, àti ìgbà míì, ọ̀kadà kan. N kò sọ pé onífàyàwọ́ kò gba ibẹ̀ rí. Bóyá wọ́n ń gbà á ní òru tí ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò rí ọ̀kan ṣoṣo, mo sì mọ̀ pé kọ́nà kò dẹ́kun láti máa da ọkọ̀ nù lẹ́yìn kámẹ́rà.

Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún ọ̀gá wa. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí mo bi í nípa ìbéèrè náà, ó fún mi ní ìdí méjì. Àkọ́kọ́, ó ní àwọn onífàyàwọ́ máa ń pe ìjàǹbá irọ́, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè sáré lọ sí ibì kan, kí àwọn sì gba ibòmíràn kọjá. Èkejì, ó ní àwọn ènìyàn ti sọ òkúta lu ọkọ̀ aláìsàn wa rí níbi tí ọkọ̀ ìrẹsì ti ṣubú. Mo ro àwọn ìdí náà wò. Ní ti àkọ́kọ́, nínú gbogbo ìpè tí èmi fúnra mi gbà tí mo sì lè tọpa rẹ̀ dé òpin, n kò rí èyí tó jẹ́ irọ́. Ìpè tí mo gbà kọ́ ni gbogbo ìpè, nítorí náà n kò lè búra. Ní ti èkejì, òótọ́ ni pé wọ́n sọ òkúta. Àǹtí wà lórí wọkitọ́kì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ aláìsàn àti ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n jọ dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ṣáájú, wọ́n sì ń kó àpò ìrẹsì nígbà tí ẹnì kan ṣì wà lábẹ́ táyà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ òkúta. Tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iná, kò yẹ kó wá fi èéfín rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Mo sọ eléyìí fún ọ̀gá, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé rẹ dára. Àṣẹ ni àṣẹ."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan pè. Oòrùn mú gan-an, fáànù wa kò ṣiṣẹ́, ọ̀gá sì ti gbé àga rẹ̀ wá sí yàrá wa torí pé fèrèsé tiwa ló ń gba atẹ́gùn. Fóònù wa máa ń sọ̀rọ̀ síta kí gbogbo yàrá lè gbọ́. Ohùn obìnrin náà le, kò gbọ̀n.

"Ẹ káàsán, sà. Ìrẹsì la kó, àmọ́ ìrẹsì oko wa ni. Àwa la gbìn ín. Èmi àti àbúrò mi. Ọkọ̀ wa ti wọ gọ́tà ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn Ìmàsàyí, bí ẹ bá ń lọ sí Ayétòrò. Iwájú ọkọ̀ ti há àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò jáde."

Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó ní ó ń jáde, òun ti fi gèlè òun dì í. Mo bi í bóyá epo ń dà. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ẹlòmíràn fara pa. Ó ní apá òun ń dun òun, àmọ́ kí á má wo ìyẹn. Nínú gbogbo àwọn tó pè wá ní àkókò yẹn, n kò rí ẹni tó ròyìn dára tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ibi tó wà, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ òótọ́ nípa ẹrù rẹ̀. Gbogbo ohun tí rédíò ní kí ará ìlú ṣe pátá ló ṣe.

Àǹtí ti gbé wọkitọ́kì sẹ́nu. Ọkọ̀ aláìsàn wà ní Ayétòrò, lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n máa ń páàkì sí, kò jìnnà sí kọ́nà náà rárá. Bàbá tó ń wà á ti dáhùn: "Mo ti gbọ́. Mo ti ṣíná ọkọ̀."

Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Ìrẹsì ló pè é, àbí?"

Mo ní, "Ìrẹsì oko ni, sà. Wọ́n ń gbìn ín lágbègbè yẹn, títí dé Ẹ̀gùá. Kò ti bódà wá."

"Ìwọ rí i?"

"N kò rí i, sà."

"Èmi náà kò rí i. Ta ló máa rí i? Àwọn ẹ̀ṣọ́. Sọ fún bàbá kó paná ọkọ̀."

Àǹtí wò mí, ó wo ọ̀gá, ó wá sọ ọ́ sínú wọkitọ́kì. Bàbá awakọ̀ ní, "N kò ní paná. Màá dúró, àmọ́ n kò ní paná."

A pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọkùnrin tó gbé fóònù sọ pé ọkọ̀ àwọn wà lọ́hùn-ún lẹ́bàá Ẹ̀gùá, pé wọ́n á dé tí wọ́n bá parí ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ó ní ṣé èmi ni ọ̀gá òun ni. Mo ní ọkùnrin kan há sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Kó mú sùúrù." Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Bí ẹni ń sọ fún oníbàárà pé ẹran kò tíì jinná.

Mo yíjú sí ọ̀gá. Mo ní, "Sà, ọkọ̀ aláìsàn kì í gbé ìrẹsì. Ènìyàn ló ń gbé. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ìrẹsì fàyàwọ́, ìrẹsì náà kò lè sá lọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá gbé ọkùnrin náà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá bá ìrẹsì wọn níbẹ̀."

"Tí ọkùnrin náà bá sá lọ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ há, sà."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò dùn mọ́ ọ̀gá nínú. Ó ní tí nǹkan bá yíwọ́, orúkọ òun ni wọ́n máa pè, wọn ò ní pe orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé nǹkan ti yíwọ́ ná, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Kámẹ́rà wà ní kọ́nà náà gan-an, lórí òpó tí kò jìnnà ju ìsọ̀kò kan lọ sí ọkọ̀ tó wọ gọ́tà. Bó bá jẹ́ pé wọn ò yí i padà ni, gbogbo wa ì bá rí ọkọ̀ náà, à bá rí àpò, à bá rí ohun tó wà nínú àpò bí ó bá ti ya. Ewúrẹ́ kan dúró sí ẹnu ọ̀nà oko, ó ń jẹ koríko. Òun ni mo rí.

Obìnrin náà pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

Mo ní ọkọ̀ ti ṣetán, àwọn ẹ̀ṣọ́ ni a ń dúró dè, nítorí ìrẹsì. N kò lè purọ́ fún un. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó hàn pé àwọn ará oko àti àwọn ọlọ́kadà ti pé jọ. Ọkùnrin kan ń sọ pé, "Ta ló ní kó o sọ ìrẹsì? Ṣé ẹ̀gẹ́ kò dùn lẹ́nu rẹ ni?" Òmíràn ní, "Ọmọ ìjọ ni, kì í purọ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó há, ó rẹlẹ̀, ó ń sọ pé kí ẹnì kan fún òun lómi.

Ó pa fóònù. Mo sọ fún Àǹtí pé bóyá àwọn ará oko lè yọ ọ́. Ó ní wọ́n lè yọ ọ́, wọ́n sì lè fà á ya. Wọ́n ti kọ́ wa nípa ìyẹn pẹ̀lú: ẹni tí irin há kì í ṣe ẹni tí à ń fà. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń la irin wà nínú ọkọ̀ aláìsàn, lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún.

Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Mo ti dà á nù."

Mo ní, "Kí lẹ dà nù?"

"Ìrẹsì náà. Gbogbo rẹ̀. Mo ti tú àpò, mo ti dà á sínú gọ́tà. Àwọn ènìyàn bá mi dà á. Kò sí ìrẹsì mọ́, sà. Ọkọ̀ wa kò kó nǹkan kan. Ẹ wá."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Apá rẹ̀ kan ń dùn ún. Ìrẹsì tí òun àti àbúrò rẹ̀ fi oṣù púpọ̀ gbìn, tí wọ́n lé ẹyẹ lórí rẹ̀, tí wọ́n kórè, tí wọ́n sá sóòrùn, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà sínú omi gọ́tà. Kò ṣe é nítorí pé ó jẹ̀bi. Ó ṣe é nítorí pé ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó gbà á gbọ́, ó sì wá ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù lọ láti yanjú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìrẹsì ló dí ọ̀nà, kí ìrẹsì kúrò lọ́nà. Ní ti ìrònú, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà ni kò ronú.

Ọ̀gá ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ta ló ń da ìrẹsì tirẹ̀ nù tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pa mọ́?"

N kì í sábà bínú, ká má tiẹ̀ sọ pé màá sọ̀rọ̀ nínú ìbínú. Lọ́jọ́ náà mo dìde. Mo ní, "Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń kú ni, sà." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbé wọkitọ́kì, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò sọ nǹkan kan sínú rẹ̀, ó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí bàbá awakọ̀ lè gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ọ̀gá kò rí i. Bàbá awakọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdènà àwọn ẹ̀ṣọ́ wà láàárín Ayétòrò àti kọ́nà náà, igi gbọọrọ ni wọ́n fi dí ọ̀nà, àwọn tó ń ṣọ́ igi náà kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀, wọn ò sì ní gbé e fún ọkọ̀ aláìsàn láìgbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Bàbá dé ìdènà, ó dúró níwájú igi, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé wa.

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ dé kọ́nà náà, ọ̀kan nínú wọn bọ́ sílẹ̀, ó fi bàtà tú ìrẹsì tó wà nínú gọ́tà. Ó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, wọn ò tíì bó o. Kò sẹ́ni tó ń kó irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ wọlé láti òkèèrè. Bàbá awakọ̀ ló sọ eléyìí fún wa, ẹnu àwọn ará oko ló sì ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ náà pòṣé, ó ní, "Ìrẹsì ìbílẹ̀ ni," ó sì padà wọ ọkọ̀. Ìpòṣé yẹn ni àṣẹ tí a ń dúró dè.

Wọ́n la irin, wọ́n gbé ọkùnrin náà. Ó dé ọsibítù ní Ayétòrò, wọ́n tún gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Mo lọ sí ọsibítù ti Abẹ́òkúta fúnra mi ní ọjọ́ tí mo ní ìsinmi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà ì bá wà tí a bá tètè dé. Nọ́ọ̀sì kan dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Ó ní irin ti fọ́ egungun, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó ní ohun tí òun lè sọ ni pé ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé fún ìgbà pípẹ́ máa ń kú, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ni ìrètí ṣe ń dín kù. Mo sọ eléyìí fún ọ̀gá. Inú rẹ̀ dùn sí apá kìíní rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o gbọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á dá ẹni lẹ́jọ́ láìrí ẹrù rẹ̀, wọ́n á wá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti pẹ́ díẹ̀, obìnrin náà wá sí Ìlaró. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹni tó gbé fóònù lọ́jọ́ náà ni òun fẹ́ rí. Mo mọ ohùn rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Mo rò pé ó wá bú wa ni, mo sì ti pinnu pé màá gbà á. Kò bú wa. Ó jókòó, ó ní òun ní ìbéèrè kan.

"Ní ilé wa, wọ́n ní ẹnu mi ló gé ẹsẹ̀ àbúrò mi. Ìyá mi kì í rán mi níṣẹ́ mọ́. Ọmọdé àdúgbò ló máa ń pè láti lọ ra iyọ̀, èmi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ wà níbi tí ọ̀rọ̀ náà dé."

Ọ̀gá sáré dá a lóhùn. Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, pé ìjàǹbá ni ìjàǹbá, pé gbogbo ìgbésẹ̀ tó yẹ ni a gbé. Obìnrin náà wò ó títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá yíjú sí mi. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òótọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ níwájú ìyá mi. Ẹnu tèmi nìkan kò tó mọ́." Ọ̀gá ní tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lọ sí ilé ará ìlú, kí n má padà wá. N kò rí i bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni.

Èmi àti obìnrin náà dé ilé wọn ní Ìmàsàyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá wọn jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò náà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sòkòtò rẹ̀ ká sókè níbi tí ẹsẹ̀ kò sí. Ó kéré sí bí mo ṣe rò ó, bóyá ẹgbẹ́ mi ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní màá sọ ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí n kò mọ̀. N kò lè sọ pé ẹsẹ̀ yẹn ì bá wà. Mo lè sọ pé ọkọ̀ aláìsàn wà nítòsí, epo wà nínú rẹ̀, awakọ̀ ti ṣíná rẹ̀, irinṣẹ́ wà, a mọ ibi tí wọ́n wà, a sì jókòó.

Màmá kò dá ọwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. Ó ní, "Tó bá ti sọ pé ẹ̀gẹ́ ni ńkọ́?"

Ìbéèrè tí mo bẹ̀rù nìyẹn. Mo ti rò ó lójú ọ̀nà, n kò sì rí ibi tí mo lè gbà yẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wò mí.

Mo ní, "Wọn ì bá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mà."

"Ẹ ò wá rí i."

"Wọn ì bá lọ. Àmọ́ òótọ́ ló sọ, mà. Àwa la ní kí wọ́n máa sọ òótọ́. Òfin tó jẹ́ pé irọ́ ni ọkọ̀ aláìsàn ń gbọ́ tó fi ń lọ, tó bá gbọ́ òótọ́ kó jókòó, ẹni tó ṣe òfin náà ló gé ẹsẹ̀. Ẹni tó sọ òótọ́ kọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Kò wò mí, àwo náà ló ń wò. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má máa purọ́. Ìgbà tó wà ní kékeré, mo nà án nítorí ẹyọ àkàrà kan."

Àbúrò náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣì ń béèrè ohun tí ọkọ̀ kó?"

Mo ní wọ́n ṣì ń béèrè rẹ̀.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni mo pè lọ́jọ́ náà, tí mo bá tiẹ̀ kó ìbọn, ẹ̀gẹ́ ni màá sọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Èmi náà, láti òní lọ. Ẹ̀gẹ́ ni títí ayé."

Mo dúró kí ìyá wọn bá a wí. Kò bá a wí. Ó gbọn èèpo ẹ̀wà tó wà lórí ìró rẹ̀ dànù sílẹ̀, ó gbójú sókè wo ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní, "Kó o tó lọ kọ́ irọ́ pípa, lọ bu omi wá fún àlejò."

Obìnrin náà dìde kíá, ó wọlé lọ bu omi náà.